Ta ni ọmọge tó ń kéwì lókè ṣọ́ọ̀ṣì ní Nuremberg?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Nuremberg ní Jámánì rí nígbà ooru, mo rò pé mo ti rí ìlú yẹn tán. Mo wá padà lọ torí ọjà Kérésì wọn, àfi bí ọmọge kan ṣe yọ lókè ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé adé, ó wọ aṣọ funfun àti wúrà, wọ́n ní Christkind, Ọmọ Kristi, nìyẹn. Ṣé Jésù ti di obìnrin ni?

Ìdáhùn: Rárá o, áńgẹ́lì ni kó o pè é. Láyé àtijọ́, ọjọ́ Sẹ́ńtì Nicholas, 6 Dìsẹ́ḿbà, làwọn ọmọdé ń gba ẹ̀bùn, àwọn ọmọlẹ́yìn Martin Luther, ẹni tó yapa kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì, wá ní àwọn ò bá wọn ṣe ẹni mímọ́ kankan, Jésù ọmọ jòjòló ló ń pín ẹ̀bùn lóru Kérésì, Nuremberg sì ti ń ṣe ti Luther látọdún 1525. Ọdún ń gorí ọdún, Jésù jòjòló yẹn di áńgẹ́lì lójú aráyé. Láti 1969, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yan ọmọbìnrin ìlú tó wà láàárín ọdún 16 sí 19, ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.60, òòyì ò sì gbọdọ̀ máa kọ́ ọ lókè, torí òkè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche ló ti ń kéwì ṣí ọjà. Lọ́dún 2019 ẹni tí bàbá ẹ̀ wá láti Íńdíà ló wọlé, àwọn olóṣèlú kan bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ṣáà dé adé ẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ilé àtijọ́ yẹn ńkọ́, ṣé bí wọ́n ṣe wà látijọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ọjà ló pẹ́ jù, àpótí onígi kan tí wọ́n kọ 1628 sí ni ẹ̀rí ẹ̀ tó pẹ́ jù lọ. Ilé kọ́. Lálẹ́ 2 Jánúárì 1945 ni bàlúù ológun Gẹ̀ẹ́sì ya bò wọ́n, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 apá àtijọ́ ìlú náà di àlàpà, wọ́n tún un kọ́ ni, ọjà náà padà lọ́dún 1948.

Èyí tó máa ń dùn mí ni ti pápá ọjà fúnra ẹ̀. Àdúgbò àwọn Júù ni tẹ́lẹ̀, ibi tí Frauenkirche wà gan-an ni sínágọ́gù wọn wà. Ọba Charles Kẹrin fọwọ́ sí i kí wọ́n wó o kí ààyè ọjà lè yọ, ní Dìsẹ́ḿbà 1349 wọ́n pa Júù tó ju 500 lọ, Dìsẹ́ḿbà kan náà tá a fi ń mu wáìnì gbígbóná níbẹ̀ báyìí. Ère ọba tí àwọn ère méje ń yí po níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí aago 12 ọ̀sán bá lù, òun ni.

Ìbéèrè: Tí mo bá tún lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Jẹ sọ́séèjì wọn, kò gùn ju ìka lọ, mẹ́ta ni wọ́n ń kì sínú búrẹ́dì kan. Kọ́ọ̀bù wáìnì, má gbé e sá o, owó ẹ̀ wà nínú ohun tó o san, dá a padà kí wọ́n dá owó ẹ padà. Má sì lọ lẹ́yìn Kérésì, 24 Dìsẹ́ḿbà ni ọjà ń tú.