Ìṣàfihàn ẹni trans nínú géèmù ìtàn alàwòrán ti àgbàlagbà: ohun tí àwọn tó ń gbá a ń wò

Géèmù ìtàn alàwòrán, èyí tí àwọn tó ń gbá a mọ̀ sí visual novel, jẹ́ ìtàn tí a ń kà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àwòrán àwọn ẹ̀dá ìtàn máa ń dúró lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn máa ń jáde nísàlẹ̀, orin á máa dún lábẹ́lẹ̀. Bí ìtàn bá dé oríta, ẹni tó ń gbá géèmù ni yóò yan ohun tí olú ẹ̀dá ìtàn yóò sọ tàbí tí yóò ṣe, ibi tó bá sì yàn ni ìtàn yóò gbà. Jàpáánì ni irú géèmù yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Láti ọdún 2004 tí Tom Rothamel ti gbé Ren'Py jáde, tí í ṣe sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ fún kíkọ irú géèmù bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sílé kí ó sì kọ tirẹ̀ láìní iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Èyí tí a ń pè ní ti àgbàlagbà nínú wọn ni èyí tí kò tọ́ sí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, nítorí pé ó ń fi ìbálòpọ̀ hàn tàbí ó ń ròyìn rẹ̀ láìfi bò.

Ẹni transgender, tí a óò máa pè ní trans nínú àlàyé yìí, ni ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Obìnrin trans ni ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tó jẹ́ obìnrin. Ọkùnrin trans ni òdìkejì rẹ̀. Ìṣàfihàn sì ni ọ̀nà tí ìtàn gbà gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kalẹ̀: iṣẹ́ tí ó fún un ṣe, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ kí ó sọ, àti ohun tí ó fi ṣe ẹ̀rín nínú ayé rẹ̀. Ní ọdún 2024, àjọ GLAAD ní Amẹ́ríkà, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde tó sọ pé nínú gbogbo 100 ènìyàn tó ń gbá géèmù lórílẹ̀-èdè náà, 17 ló wà nínú àwùjọ àwọn trans àti àwọn tó ń fẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, síbẹ̀ géèmù tó fi irú wọn hàn kò tó 2 nínú 100 ní àwọn ilé ìtajà géèmù ńlá. Inú géèmù ìtàn alàwòrán ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá ara wọn, nítorí pé ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, àti pé ìbáṣepọ̀ ènìyàn sí ènìyàn ni gbogbo ìtàn rẹ̀ dá lé.

Ìṣòro tó wà nínú ti àgbàlagbà ni pé ara ènìyàn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ó ti pẹ́ tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ti ń lo ara tó jọ ti ẹni trans gẹ́gẹ́ bí ohun ìtura fún ojú, láì fi ènìyàn kankan sínú ara náà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ya àwọn nǹkan tí ó jọra sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Nínú géèmù Jàpáánì, otokonoko ni ọmọkùnrin tó ń múra bí obìnrin tó sì rẹwà, ṣùgbọ́n tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin. Futanari ni ẹ̀dá inú àròsọ tó ní ara takọtabo, tí a máa ń yà nítorí ìbálòpọ̀ nìkan. Ìtàn mìíràn tún wà tí oògùn tàbí èèdì ti ń sọ ọkùnrin di obìnrin lóru ọjọ́ kan. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ìtàn ẹni trans dandan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn trans kan ń rí ara wọn nínú rẹ̀. Bí olùtajà bá wá kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, pàápàá bí orúkọ náà bá jẹ́ èébú tí wọ́n fi ń bú àwọn obìnrin trans nígboro, àwọn tó ń gbá géèmù máa ń ka èyí sí àmì pé ẹni tó kọ ọ́ kò bìkítà. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó fi èébú ta ọjà rẹ̀ ti sọ irú oníbàárà tó ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀dá ìtàn kan tí wọn kò tíì yé jiyàn lé lórí. Nínú Steins;Gate, tó jáde ní Jàpáánì ní ọdún 2009, tí kì í sì í ṣe géèmù ìbálòpọ̀, Ruka Urushibara jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní ọkùnrin, ojú rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ sì dà bíi ti obìnrin. Nígbàkígbà tí Rintaro Okabe tó ń sọ ìtàn bá ka ẹwà Ruka lẹ́sẹẹsẹ, ó máa ń parí rẹ̀ pẹ̀lú pé ọkùnrin ni, kí ẹni tó ń kà á lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Okabe àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ayé àná, ohun tí Ruka bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹ́ obìnrin. Wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ péjà ìyá rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú oyún, pé kí ó máa jẹ ewébẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ kan pé aboyún tó bá ń jẹ ewébẹ̀ yóò bí obìnrin. Ó ṣẹ. Ruka di obìnrin láti ọjọ́ ìbí. Nígbà tó yá, kí ọ̀rẹ́ wọn Mayuri má bàa kú, Okabe gbọ́dọ̀ pa gbogbo ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́, èyí sì kan ti Ruka. Ruka gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú omi lójú.

Àwọn kan sọ pé ìtàn yìí mọ ìrora obìnrin trans dáadáa, pé kò sí ẹni tó lè ka ẹ̀bẹ̀ Ruka kó má mọ ohun tó ń sọ. Àwọn mìíràn ní ìtàn náà mọ ìrora rẹ̀ tán, ó sì tún padà fi ṣe ẹ̀rín, àti pé ó fi dandan lé e kí Ruka fi ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yè, láì sí ẹni tó bi í léèrè lẹ́yìn náà bóyá ọ̀nà mìíràn ṣì wà fún un. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kejì ló wúwo jù. Ẹ̀bẹ̀ Ruka jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n ń wò tẹ̀ lé èyí ni bí àṣírí ṣe tú. Àṣà burúkú kan wà tó ti pẹ́ nínú ìtàn àgbàlagbà, pé kí ẹ̀dá ìtàn bọ́ra sílẹ̀ kí ẹnu sì ya ẹni tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n tàn án jẹ. Àwọn trans tó ń gbá géèmù kórìíra èyí púpọ̀, nítorí pé irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀ ni àwọn apànìyàn kan máa ń fi gbèjà ara wọn nílé ẹjọ́. Síbẹ̀ àṣírí fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. The House in Fata Morgana, tí Keika Hanada kọ fún ẹgbẹ́ Novectacle ní ọdún 2012, pa ọ̀rọ̀ Michel mọ́ títí ìtàn fi jìnnà. Ẹni tí kò tíì gbá a, tí kò sì fẹ́ mọ̀ ṣáájú, kí ó fo ìpínrọ̀ yìí. Wọ́n tọ́ Michel dàgbà bí obìnrin, ara rẹ̀ yí padà nígbà tó ń bàlágà, ó sì sọ pé ọkùnrin ni òun. Ìdílé rẹ̀ pè é ní ẹni ègún, wọ́n sì tì í mọ́ ilé. Nígbà tí a óò fi mọ gbogbo èyí, a ti gbọ́ ohùn Michel, a ti mọ ìbínú rẹ̀, a sì ti mọ ìfẹ́ tó ní sí Giselle. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ka ìtàn náà kún àwọn tó dára jù lọ, bó tilẹ̀ kún fún ìyà.

Tó bá wá kan ìbálòpọ̀ gan-an, ìbéèrè tó ń ya géèmù kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn ni èyí: ṣé ẹni trans yìí náà ń fẹ́ nǹkan, àbí ẹlòmíràn kàn ń fẹ́ ẹ ni? Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìran ìbálòpọ̀ ń wò ó láti òde, tó ń ka ẹ̀yà ara rẹ̀, tí kò sì sọ ohun tó wù ú, ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, tàbí orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń pe ara rẹ̀, àwọn tó ń gbá a yóò sọ pé ara lásán ni wọ́n fi hàn wọ́n. Hardcoded, tí ẹgbẹ́ Ghosthug ṣe, ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ òdìkejì: olú ẹ̀dá ìtàn náà jẹ́ obìnrin rọ́bọ́ọ̀tì tó sá lọ sí ìlú ńlá kan, trans ni, àwọn trans sì pọ̀ nínú àwọn tó ń bá pàdé. Ìbálòpọ̀ inú rẹ̀ kò níye, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni a fi ń wo ohun gbogbo, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ló sì ń darí wa. Heart of the Woods, tí Studio Élan gbé jáde ní ọdún 2019, gba ọ̀nà mìíràn. Tara tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ obìnrin trans, ìtàn mẹ́nu bà á, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ nínú igbó tó kún fún iwin. Ìran àgbàlagbà rẹ̀ jẹ́ àfikún tí ẹni tó bá fẹ́ yóò gbà lọ́tọ̀. Nínú méjèèjì, ìgbà tí ìbálòpọ̀ yóò fi dé, ẹni tí a ti mọ̀ ló ń ṣe é.

Yíyàn tí géèmù fún ènìyàn tún jẹ́ ibi tí àríyànjiyàn wà. Nínú Dream Daddy, tó jáde ní ọdún 2017, ẹni tó bá ń ṣẹ̀dá bàbá tí yóò fi ṣeré lè yan ara tó wọ aṣọ tí àwọn ọkùnrin trans fi ń di àyà wọn mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí a lè bá ṣọ̀rẹ́, Damien, sì jẹ́ ọkùnrin trans. Our Life: Beginnings & Always, ti ọdún 2020, jẹ́ kí olú ẹ̀dá ìtàn yí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí padà bó ṣe ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ yin àwọn géèmù wọ̀nyí, nítorí pé ara ẹni ni ènìyàn ń yàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìbálòpọ̀, bọ́tìnnì kan wà tó ń pinnu bóyá obìnrin tí à ń lé kiri yóò ní nǹkan ọkùnrin lábẹ́ aṣọ tàbí kò ní ní, bí ẹni ń yan àwọ̀ aṣọ lọ́jà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sí gbólóhùn kan tó yí padà nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn kan ní ó sàn kí ó wà ju kí ó má sí lọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀: ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ kò yí padà bóyá ó jẹ́ trans tàbí kò jẹ́, kò tíì jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn trans fúnra wọn kì í sọ ohun kan náà. Ìtàn ìyà ti sú àwọn kan, wọ́n fẹ́ ìfẹ́ tó lárinrin àti ìbálòpọ̀ tó dùn, láì sí ẹkún. Àwọn mìíràn sọ pé géèmù tó fo ìṣòro wọn dànù ń purọ́ nípa ayé wọn. one night, hot springs, géèmù kékeré tí òǹkọ̀wé géèmù tó ń jẹ́ npckc ṣe ní ọdún 2018, ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí láti fi hàn pé méjèèjì lè wà pọ̀. Kò sí ìbálòpọ̀ nínú rẹ̀. Haru, obìnrin trans kan ní Jàpáánì, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè lọ sí ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń wẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ìdààmú rẹ̀ ni bí òun yóò ṣe wẹ̀ láì dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí géèmù náà jáde, òfin Jàpáánì ṣì ń béèrè pé kí ẹni trans ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lè bímọ mọ́ kí ìjọba tó yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ pé ìlànà yẹn tako ìwé òfin ilẹ̀ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa géèmù kan kò gbọ́dọ̀ wo máàkì nìkan. Lórí Steam, ilé ìtajà géèmù ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó kọ èrò rẹ̀ máa ń tẹ̀ pé òun gbà kí ẹlòmíràn rà á tàbí òun kò gbà, wákàtí tó ti fi gbá a sì máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò náà. Níbi tí ẹ̀dá ìtàn trans bá wà, èrò búburú lè ya wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti ọwọ́ àwọn tí kò gbá a kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan. Nítorí irú ìyawọlé bẹ́ẹ̀ ni Steam fi sọ ní ọdún 2019 pé òun yóò máa yọ èyí tí kò kan géèmù kúrò nínú máàkì. VNDB, àkójọ géèmù ìtàn alàwòrán tó ti wà láti ọdún 2007, ní àmì tó ń sọ irú ẹ̀dá tó wà nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi àwọn àmì tó lè tú àṣírí ìtàn pamọ́ títí ẹni tó ń wò ó yóò fi ní òun fẹ́ rí wọn. Èrò tó wúlò jù ni ti ẹni tó sọ ìran tó dùn ún tàbí tó wù ú, tó sì sọ ìdí.

Ní oṣù keje ọdún 2025, itch.io, ilé ìtajà tí àwọn trans tó ń kọ géèmù fẹ́ràn jù, yọ gbogbo géèmù ìbálòpọ̀ kúrò nínú ohun tí ènìyàn lè wá rí lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba owó fún un halẹ̀ mọ́ ọn. Ní òpin oṣù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ padà. Èyí tí òǹkọ̀wé fi ìfẹ́ kọ àti èyí tí wọ́n fi èébú ta ni wọ́n jọ kó lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó kà wọ́n kí wọ́n tó yọ wọ́n.