Áyódíìnì, iyọ̀ inú ìkòkò àti gẹ̀gẹ̀ ọrùn

Níwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò, ẹran kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bíi labalábá, òun ni wọ́n ń pè ní tàírọ́ìdì. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣe họ́móònù tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ara ṣe ń móoru. Áyódíìnì, èròjà kan tó máa ń wà nínú oúnjẹ, ló fi ń ṣe é, ara ò sì lè dá áyódíìnì ṣe fúnra ẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́. Nínú họ́móònù tí tàírọ́ìdì ń ṣe, èyí tó ń jẹ́ T4 ní áyódíìnì mẹ́rin nínú, T3 ní mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà yẹn nìyẹn.

Tí áyódíìnì ò bá tó, họ́móònù á dínkù, ẹṣẹ́ kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ á wá máa fi họ́móònù míì tó ń jẹ́ TSH ránṣẹ́ sí tàírọ́ìdì pé kó tẹra mọ́ṣẹ́, tí nǹkan ò bá yí padà á tún fi púpọ̀ sí i ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni tàírọ́ìdì á máa wú kó lè fa ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Wíwú yẹn ni gẹ̀gẹ̀. Àwọn kan á ní àfiṣe ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà.

Àgbàlagbà ò nílò ju 150 máíkírógíráàmù lọ lójúmọ́, aláboyún nílò 250. Aláboyún gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí tí kò bá rí i jẹ, ọpọlọ ọmọ inú ẹ̀ ò ní dàgbà bó ṣe yẹ, kò sì sí oògùn tó lè tún un ṣe tó bá yá. Ó dunni gan-an ni, torí iyọ̀ tó ní áyódíìnì lásán ì bá ti dá a dúró.

Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí. Ilẹ̀ òkè tó jìnnà sókun, òjò ti fọ tiẹ̀ lọ, ohun tó bá hù níbẹ̀ ò lè ní púpọ̀. Ẹja òkun bíi títọ́ọ̀sì àti pánlá, edé, akàn, àwọn ló ní in dáadáa, ẹyin àti mílíìkì náà ní díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣáà ní òkun lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra ẹja Igbókòdá, ẹ bèèrè bóyá ti òkun ni àbí ti odò, torí ti odò ò tó o.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní dandan ni kí wọ́n fi áyódíìnì sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin máa ń lé e lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà l'Ákùúrẹ́, wọ́n á ṣí ẹnu àpò kalẹ̀ látàárọ̀, wọ́n á máa fi agolo wọ̀n ọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, oòrùn á máa pa á, ìrì á sẹ̀ sí i, èyí tó máa délé ò ní ní tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí, ẹ gbé e jìnnà sí sítóòfù, tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná ni kẹ́ ẹ tó fi sí i. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti tó, ẹ má fi kún un torí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ sí i. Ó ní májèlé kan tó ń jẹ́ sáyánáìdì nínú, tó bá dénú ara, ara á sọ ọ́ di táyósáyánéètì, nǹkan yìí kì í jẹ́ kí áyódíìnì ráyè wọlé sínú tàírọ́ìdì. Rírẹ, fífún, yíyan ló ń lé sáyánáìdì yẹn lọ, torí ẹ̀ pupuru tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n sì yan gbẹ, tàbí gaàrí tó lo ọjọ́ nínú àpò lábẹ́ jáàkì kí wọ́n tó yan án, ó dáa ju gaàrí tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n yan lónìí lọ fíìfíì. Ẹni tó ń rí áyódíìnì jẹ dáadáa, gaàrí tí wọ́n ṣe dáadáa ò ní ṣe ọrùn ẹ̀ ní nǹkan kan.

Àpọ̀jù náà léwu o, pàápàá àwọn oògùn ewéko òkun tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tàírọ́ìdì tí ebi áyódíìnì ti ń pa fún ọdún pípẹ́, tó bá ṣàdédé rí púpọ̀ gbà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́móònù ní àṣejù, àyà á máa já pàpà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á máa rù. Gẹ̀gẹ̀ míì sì wà tí kì í ṣe àìtó áyódíìnì ló fà á rárá, torí náà ẹni tọ́rùn ẹ̀ bá ti wú, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sibítù kí wọ́n wo TSH ẹ̀, kó tó gbé nǹkan kan mì.