Kí Ẹnu Ìbọn Tó Yí Síbẹ̀: Awò Olójú Méjì àti Ẹrù Ọdẹ Tuntun

Òru ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń ṣọdẹ. Àtùpà á wà níwájú orí, ọdẹ á máa tàn án yí igbó ká, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bá ojú ẹranko pàdé, ojú náà á tàn padà bí ẹyin iná. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń jẹ̀ lóru tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Òun ló ń fa títàn yẹn. Ọ̀nà náà ń pa ẹran. Ṣùgbọ́n ojú tó tàn kò sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ọdẹ mọ̀, ìtàn ẹni tó yìnbọn mọ ènìyàn nítorí ó rò pé ẹran ni kò sì ṣàjèjì láàárín ọlọ́dẹ.

Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà ní láti kọ́kọ́ yọ ọ̀nà àtùpà yẹn kúrò lọ́kàn. Ní ìpínlẹ̀ Georgia àti Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ wa fi Atlanta àti Houston ṣe ilé, òfin kò gbà kí ènìyàn fi iná wá àgbọ̀nrín lóru. Àyè ọdẹ ń ṣí ní ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ, ó sì ń tì ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti àṣálẹ́ yìí gan-an ni àgbọ̀nrín onírù funfun máa ń rìn jù. Àsìkò tí ẹran ń jáde ni àsìkò tí ojú ènìyàn ń ṣú. Àlàfo yìí ni awò olójú méjì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàìnọ́kúlà, ń dí.

Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ọdẹ dá ohun tó ń wò mọ̀ kí ìbọn tó yí síbẹ̀ rárá. Ẹni tuntun máa ń bèèrè pé, ṣebí awò wà lórí ìbọn, kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe? Ibi tí awò orí ìbọn bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Ohun tó mì lẹ́yìn ewé yẹn lè jẹ́ ọdẹ mìíràn, ó lè jẹ́ ọmọdé tó ń wá ajá rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ìbọn bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Èyí wà lára ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọdẹ, tó jẹ́ dandan ní Georgia fún ẹni tí a bí láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1961 síwájú, àti ní Texas fún ẹni tí a bí láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1971 síwájú.

Nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan awò yìí, dígí ńlá iwájú ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Àwòrán tó gbà wọlé máa ń dojú dé: òkè á di ìsàlẹ̀, òsì á di ọ̀tún. Àwọn dígí onígun tí wọ́n ń pè ní prism ló ń gbá ìmọ́lẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí àwòrán á fi dúró bó ṣe yẹ, tí ohun tí ì bá gùn bí ọ̀pá á sì kúrú dé ohun tó ṣeé gbé kọ́rùn. Ignazio Porro, ará Ítálì, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yìí ní 1854. Ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ní ìlú Jena ní Jámánì, pẹ̀lú ìmọ̀ Ernst Abbe, sì gbé irú rẹ̀ síta fún títà ní 1894. Awò tó ní èjìká, tí dígí iwájú rẹ̀ jìnnà síra ju ti ẹ̀yìn lọ, ni irú ti Porro. Irú kejì ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Ó tín-ín-rín, ó rọrùn láti gbé kọ́ àyà, àmọ́ ṣíṣe rẹ̀ le ju ti Porro lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, láàárín àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ti Porro sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju irú kejì tí iye wọn dọ́gba.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára awò, bíi 8x42 tàbí 10x42. Ti àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sún nǹkan mọ́ni. Ti èkejì ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mílímítà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń tan ẹni tuntun jẹ, tí yóò máa wá 12, 16, 20. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí àgbọ̀nrín bá wà ní mítà 80, awò 8 á mú un wá bí ẹni pé ó wà ní mítà 10. Awò 10 á mú un wá sí mítà 8. Mítà 2 péré ni èrè. Ohun tí a fi rà á ni pé gbígbọ̀n ọwọ́ náà ti di ìlọ́po 10, ibi tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan náà sì ti dín kù. Nínú igbó igi páìnì Georgia, níbi tí ojú kì í sábà ríran kọjá mítà 100, 8 ti tó. Ní ìwọ̀ oòrùn Texas, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, 10 ní ìdí. Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ ẹsẹ̀ tí a ó gbé e lé.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jù. Bí a bá pín 42 sí ọ̀nà 8, a ó rí 5.25: ìyẹn ni fífẹ̀, ní mílímítà, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti ẹ̀yìn awò wọ inú ojú. 10x42 ń fúnni ní 4.2. 10x25, irú kékeré tó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ń fúnni ní 2.5. Ní ọ̀sán gangan, ihò ọmọlójú ènìyàn kò ju mílímítà 2 sí 3 lọ, nítorí náà awò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dà bí ọ̀kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn, torí inú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ iná mànàmáná, ni wọ́n ti ń dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọlójú á fẹ̀, ti ọ̀dọ́ lè dé 7, ti ẹni tó ti lé ní 50 ọdún sábà máa ń dúró ní nǹkan bí 5. Nígbà náà ni 10x25 á ṣókùnkùn, tí 8x42 á ṣì máa fi etí àgbọ̀nrín hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 7x50, tó ń mú 7 jáde, kò ní àǹfààní púpọ̀ fún àgbàlagbà. Ìwúwo rẹ̀ nìkan ló máa rù. Èyí tó bá a mu jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì mọ irú ilẹ̀ tí yóò máa dẹ, ni 8x42.

Dígí tí kò ní ìpara kankan, ìyẹn ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ojú dígí, ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá la ojú dígí 10 kọjá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti ṣòfò. Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ ní Zeiss, ló wá ìpara tó ń dín òfò yìí kù ní 1935. Lónìí, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn wá lára páálí ni “fully multi-coated”, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo ojú dígí ló ní ìpara lọ́pọ̀ ìpele. Ẹ gbé awò sábẹ́ gílóòbù: bí àwòrán iná inú dígí bá ṣú díẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé tàbí elése àlùkò, ìpara wà níbẹ̀, bó bá funfun báláú, kò sí. Ẹ tún nà án jìnnà sójú, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, kí ẹ wo àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré inú dígí ẹ̀yìn. Ó yẹ kó rí róbótó. Bí etí rẹ̀ bá ní igun tó ṣókùnkùn, prism rẹ̀ kò dára tó. Dígí pupa bí ẹ̀jẹ̀ kò ní àǹfààní fún ọdẹ àṣálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni awò tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣeé yí láti 8 lọ sí 24.

Ẹni tó ń lo awò ojú gbọ́dọ̀ bèèrè bí ojú ṣe lè jìnnà sí dígí ẹ̀yìn tó: mílímítà 15 ó kéré tán. Kí omi má lè wọlé, kí wọ́n sì ti fi afẹ́fẹ́ nitrogen kún inú rẹ̀, nítorí dígí tó hu ìrì láti inú kò ṣeé nù nínú igbó.

Lẹ́yìn tí a bá rà á, a ní láti tò ó fún ojú ẹni tó ni ín. Ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi wíìlì àárín wo nǹkan kan títí yóò fi mọ́ ketekete fún ojú òsì. Lẹ́yìn náà ẹ di ojú òsì, kí ẹ yí òrùka dígí ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan títí nǹkan náà á fi mọ́ bákan náà. Àwọn kan ń gbé awò tó dára kiri fún ọdún púpọ̀ láìṣe èyí, wọ́n á ní ó ń fọ́ àwọn lórí.

Nínú igbó, ẹ má ṣe wá odindi àgbọ̀nrín. Ẹ wá etí, ìrù, tàbí ẹ̀yìn tó nà gbalaja níbi tí gbogbo igi dúró ṣánṣán. Ẹ rọra máa yí wíìlì àárín: ewé iwájú á di kùrùkùrù, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yọ.

Ẹrù tó kù kò pọ̀. Ní Georgia, àsìkò tí wọ́n ń fi ìbọn dẹ àgbọ̀nrín, òfin ń fẹ́ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, tó tó íǹṣì onígun mẹ́rin 500 lókè ìbàdí. Ẹ̀rù pé àgbọ̀nrín á rí i kò bá a dé, torí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá àwọ̀ ọsàn mọ̀; àwọ̀ búlúù ló ń rí dáadáa, nítorí náà ẹ fi jíǹsì sílé. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré tó mú, bàtà tí omi kì í wọ̀, àti ìgò kékeré tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bí ọdẹ nílé ṣe ń da eruku sókè. Bí ibùba bá wà lórí igi, bẹ́líìtì ààbò tó di gbogbo ara mú gbọ́dọ̀ ṣáájú awò nínú ohun tí a ó fowó rà, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀. Ìbọn kì í bá ọdẹ gun igi. Okùn la fi ń fà á gòkè, láìsí ọta nínú rẹ̀.

Bí ìdajì wákàtí ìkẹyìn bá ti pé, ẹ yọ ọta kúrò, kí ẹ fi okùn sọ ìbọn kalẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ lé e. Ìgbà yìí ni àtùpà iwájú orí wúlò, kí ọ̀nà lè hàn, kí ọdẹ mìíràn tó ń bọ̀ lọ́nà sì lè mọ̀ pé ènìyàn ló ń bọ̀.