Bí omi kànga ṣe ń yí padà láti ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ sí òjò

Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì, orí àpáta ni ìlú jókòó lé. Omi tí kànga ń sun kò ti inú àpáta líle wá. Ilẹ̀ tó bo àpáta náà lórí, èyí tó ti jẹrà di amọ̀ àti yanrìn, ni omi òjò ń rì sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ń gba ojú ibi tí àpáta ti sán wọlé. Ilẹ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn, omi tó lè gbà kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan fi lè gbẹ táútáú tí ti ilé kejì sì ń sun.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá, àwọn èèyàn ń fami, igi ń mu nínú rẹ̀, odò náà ń gba tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń wọlé padà. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, okùn garawa ti oṣù kẹwàá kò ní í tó mọ́, wọ́n á so òmíràn mọ́ ọn. Àsìkò yìí ló dára jù láti gbẹ́ kànga, torí èyí tó bá rí omi ní oṣù kẹta, ó ṣòro kó gbẹ. (Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ láàárín òjò, kó má tíì yọ̀.)

Ẹni tí kànga rẹ̀ bá gbẹ á ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tàbí kó gba odò lọ. Ọ̀nà odò yìí ni sòbìà ń bá wọlé láyé ọjọ́sí. Bí adágún ṣe ń fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn kòkòrò tíntìntín tó gbé ọmọ aràn náà mì ń fún pọ̀ sójú kan. Nǹkan bí ọdún kan ni aràn náà fi ń dàgbà kó tó yọjú lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn á ti dé, ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro á sì tún kì í bọ adágún kan náà. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í kún kànga. Ilẹ̀ tí òùngbẹ ti ń gbẹ ló máa kọ́kọ́ mu ún yó. Àgbàrá ló ń tètè dé, tòun ti ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ìdọ̀tí gọ́tà, á sì ya wọ kànga tí ẹnu rẹ̀ kò ga.

Omi pípọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ojú ń tanni níbí. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín ìdí ṣalángá àti omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí asẹ́: bí ẹ̀gbin ṣe ń rìn gba inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń kú sọ́nà. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè, asẹ́ náà á dín kù, nígbà míì omi á kan ìdí ṣalángá gan-an. Nínú àgbàlá tí ṣalángá àti kànga ti ń wojú ara wọn, tí àárín wọn kò tó 30 mítà tí wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò jìnnà. Ìgbà yẹn náà ni kànga kún dẹ́nu, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara, tí kò sẹ́ni tó ń rántí sè é. Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò. Omi gbọ́dọ̀ hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí wọ́n tó kú.