Kí ló dé tí ohùn mi ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan l'Ókè-Fìà, nílùú Òṣogbo níbí, ni mo ti ń ka ewì sórí fóònù. Mo ti lẹ kíréètì ẹyin mọ́ gbogbo ògiri, síbẹ̀ ohùn mi ṣì ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kíréètì ẹyin ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, èmi náà wà lára wọn. Páálí fẹ́lẹ́ ni. Ó lè mú díẹ̀ nínú ìró tó tínrín, àmọ́ ohùn tó rinlẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á kan sìmẹ́ǹtì, á sì padà wá. Ìró ń sáré tó bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó panu dé, ó ti kan ògiri, àjà àti táìsì ilẹ̀ láìmọye ìgbà, fóònù sì ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ohùn yín.

Ìbéèrè: Kí ló wá lè gbé ìró mì?

Ìdáhùn: Ohun tó nípọn, tí afẹ́fẹ́ sì lè rá wọ̀: tówẹ̀lì àtijọ́, aṣọ òkìrìkà, tàbí rockwool, ìyẹn ohun bí òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe. Afẹ́fẹ́ tí ìró ń mì á máa fara ha òwú inú rẹ̀, agbára ìró náà á sì di ooru díẹ̀ báyìí. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe é, ihò inú rẹ̀ dí pa.

Lọ́dún 1895 ni wọ́n ké sí Wallace Sabine, olùkọ́ ní yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà, nítorí gbọ̀ngàn kan tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í ti í yé akẹ́kọ̀ọ́. Tìmùtìmù àga ló lọ ń kó wá lóru láti gbọ̀ngàn mìíràn. Bó ṣe ń kó o kún un ni ìró ń tètè kú. Tìmùtìmù o, kì í ṣe kíréètì.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Kí káfíńtà fi pákó kan férémù fún yín: gíga 120 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 60, jíjìn 10. Ẹ ká tówẹ̀lì kún inú rẹ̀, ẹ má kì í pa. Aṣọ tí ẹ máa fi bò ó ló gba ọgbọ́n. Ẹ gbé e sẹ́nu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí èémí yín bá yọ lódìkejì, ìró á wọlé. Ìlú aró la wà, àdìrẹ olówùú tó ti fọ̀ dáadáa máa ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lù títí tó fi ń dán. Lẹ́dà ni mo fi bo àkọ́kọ́ tèmi nítorí ẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ló ń dá ohùn mi padà bí ògiri.

Mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan lẹ́yìn yín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ògiri, á mú ìró tó rinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ kí ẹ tó gbé wọn dúró, kí ẹ tún pa á lẹ́yìn náà, etí yín á sọ fún yín. Ẹ má tan àbẹ́là nítòsí rẹ̀ o.

Ìbéèrè: Ṣé á dá ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró?

Ìdáhùn: Rárá. Ògiri tó wúwo àti fèrèsé tó dé pinpin ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ máa ka ewì yín ní ìdájí, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.