Asẹ́ Tó Ń Léfòó Lórí Omi

Ẹni tó bá di ọ̀pá pápírọ́ọ̀sì mú yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe eèsún. Eèsún rí roboto, ó sì ní oríkèé. Ti pápírọ́ọ̀sì ní igun mẹ́ta, ó sì ń dán lọ láìní oríkèé kankan títí dé orí, níbi tí irun tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tú ká bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ìbátan ọ̀fio tí à ń jẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lè ga tó mítà 4 sí 5.

Inú àbàtà omi dídùn nílẹ̀ Áfíríkà ló ti ń hù: ní Uganda, ní Botswana, ní adágún Chad níbi tí àwọn Buduma ti ń fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Kò sì pọn dandan kí ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ dà bí atalẹ̀, ìbú ló ń gbà lọ. Bó ṣe ń lọ ló ń lọ́ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀, tí gbòǹgbò àti ewé tó ti kú ń dí àárín wọn, títí yóò fi di ẹní ńlá kan tó ń léfòó. Inú ọ̀pá rẹ̀ fúyẹ́ bíi fóòmù, ihò afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, ihò wọ̀nyí ló sì ń gbé ọ́síjìn lọ fún gbòǹgbò nínú omi tí kò ti sí. Bí omi bá kún, ẹní náà á bá a gòkè. Bí atẹ́gùn bá já a, á máa rìn kiri bí ojú oró. Ní Gúúsù Sudan, irú èyí tó já bẹ́ẹ̀ a máa dí odò Náílì pa. Sudd ni wọ́n ń pe àbàtà ibẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí ìdènà.

Omi ìdọ̀tí tó bá wọ abẹ́ ẹní yìí kò lè sáré mọ́. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á sílẹ̀, bí ògì ṣe ń sílẹ̀ nínú ìkòkò. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, á máa jẹ ohun tó ti yòrò sínú omi. Àwọn kan nínú wọn ń sọ náítírójìn di afẹ́fẹ́ tó ń padà sójú ọ̀run. Pápírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń fa náítírójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì mu, oúnjẹ ewéko ni wọ́n. Àmọ́ bí ọ̀pá bá gbó, díẹ̀ nínú oúnjẹ yìí á padà sí ìdí rẹ̀ fún èéhù tuntun, ìyókù á wó sínú omi, á sì jẹrà níbẹ̀. Ẹni tó gé e lọ hun ẹní tàbí bo ilé ló ń kó ìdọ̀tí náà kúrò ní tòótọ́, bí kò bá ti gé e lágéjù.

Ní Kampala, olú ìlú Uganda, omi ìdọ̀tí ìlú ń gba àbàtà Nakivubo kọjá kó tó wọ adágún Victoria. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ láti gbin kókò àti ìrèké. Kókò kì í léfòó. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, nítorí náà omi kì í gba àárín rẹ̀ kọjá. Ojú gọ́tà tí wọ́n là ló ń gbà, á sì sáré débi tó ń lọ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀, ní Ggaba, ni wọ́n ti ń fa omi tí ìlú ń mu.