Ṣé lóòótọ́ ni góòlù lè pa oró èéfín jẹnẹrétọ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé wúrà lè sọ CO, gáàsì apani inú èéfín jẹnẹrétọ̀, di aláìléwu. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ bí wúrà náà ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó.

Ṣé ìròyìn tuntun ni?

Rárá. Onímọ̀ kẹ́místrì Masatake Haruta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde ní Japan lọ́dún 1987.

Ṣebí wúrà kì í bá nǹkan kan da pọ̀?

Wúrà ńlá ni. CO á bà lé ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì tún fò lọ.

Kí wá ni kíkéré ṣe fún un?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Átọ́ọ̀mù wúrà tó wà ní àárín gbùngbùn ní aládùúgbò 12. Èyí tó wà lójú tó tẹ́ lè ní 9, tetí 7, tigun 6. Èyí tí aládùúgbò rẹ̀ kò pọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, òun ló sì ń di CO mú. Ẹ mú ìwọ̀n wúrà kan náà, kí ẹ sọ ọ́ di hóró nanomítà 3 dípò 30 (mílíọ̀nù nanomítà kan ló wà nínú mìlímítà kan). Ojú rẹ̀ á di ìlọ́po 10, etí ìlọ́po 100, igun ìlọ́po 1,000. Ẹni tó bá ní ojú nìkan ló pọ̀ sí i kò tíì ṣírò tán.

Ọ́síjìn, tí CO gbọ́dọ̀ bá dà pọ̀ kó tó di CO2 tí kì í ṣe oró bíi tirẹ̀, ńkọ́? Ó tún le jù CO lọ láti dì mú. Ibi tí hóró wúrà ti kan ohun tí wọ́n tẹ́ ẹ lé, bíi títáníọ́mù ọ́ksáídì, ni iṣẹ́ ti ń yá jù.

Ṣé bó ṣe ń kéré sí i ló ń dára sí i?

Kì í ṣe lórí gbogbo nǹkan. Lórí títáníọ́mù ọ́ksáídì, nǹkan bíi nanomítà 3 ló dára jù. Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tún lọ sílẹ̀.

Kí ló ń bà á jẹ́?

Kílóráìdì (irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀) àti ooru. Omi iyọ̀ wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é, kílóráìdì sì wà nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá fi omi fọ̀ ọ́ títí sílífà náítíréètì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dá kílóráìdì mọ̀, kò fi ní sọ omi ìfọ̀ di funfun mọ́, àwọn hóró á máa lẹ̀ mọ́ra wọn nígbà tí wọ́n bá ń yan án ní nǹkan bí 300°C. Hóró ńlá ni yóò kù, kò sì ní dá CO dúró.

Ṣé kí n fi fáìlì ha góòlù ọrùn mi?

Ẹ má ṣe é. Eruku fáìlì ṣì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tóbi jù.

Ṣé ó ti wúlò níbì kan?

Ní Japan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa òórùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní 1992. Ẹ fojú inú wò ó: wúrà.

Jẹnẹrétọ̀ mi ńkọ́?

Ooru ẹnu sàléńsà rẹ̀ á yára so àwọn hóró náà pọ̀, sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) inú epo á sì tún bo ojú wọn. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní mítà 6 ó kéré tán. CO kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí èébì ń gbé yín nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde síbi afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.